Ẹnu Yín Ni Lébẹ́ẹ̀lì: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ta Oògùn Oko ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi,

Ẹ kú ọjà o. Ẹ kú owó ṣọ́ọ̀bù, ẹ kú ìfaradà gbèsè tí àwọn àgbẹ̀ jẹ yín, tí wọ́n ní ó di ìgbà tí àwọn bá ta kòkó. Ajé á wọ igbá.

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí kì í ṣe àjèjì sí yín. Ọmọ Èkìmọ̀gún ni mí, ọmọ àgbẹ̀ kòkó. Abúlé bàbá mi kò jìnnà sí ọ̀nà tó ti Oǹdó lọ sí Ọ̀wẹ̀nà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì níbí ní Àkúrẹ́. Tí ẹ bá rí i pé mo sọ̀rọ̀ kẹ́míkà jù, ẹ má bínú, iṣẹ́ mi ni. Tí mo bá sì sọ̀rọ̀ ọjà, ẹ rántí pé ìyá mi ta ata títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú.

Ohun tó mú mi gbé bírò ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí n kò ní dárúkọ. Mo lọ ra ajílẹ̀ fún ọgbà kékeré tó wà lẹ́yìn ilé mi. Ìyá àgbà kan ti wà níwájú mi, bóyá ẹni àádọ́rin ọdún, ó ró àdìrẹ, ó mú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan dání tó ti ṣàn mọ́ tónítóní. Ó ní òun fẹ́ oògùn koríko, ìdajì ìgò. Ọmọkùnrin tó ń tajà kò bi í pé koríko wo, kò bi í pé kí ló gbìn sóko náà. Ó fa jẹ́ríkánì kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó dé e. Ó ní, "Màmá, ìdérí mẹ́rin sí páǹpù kan o." Ìyá náà ní kí Ọlọ́run bù sí i fún un, ó wá ki ìgò náà bọ inú àpò rẹ̀, níbi tí búrẹ́dì kan àti ọsàn mẹ́rin wà.

Mo bi ọmọ náà pé oògùn wo nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, èyí tí ìjọba ní ká má tà mọ́ ni. Àmọ́ òun ló ń ṣiṣẹ́ jù."

N kò bá a jà. Ọmọ dáadáa ni, ojú mi ló ṣe é tó bá ìyá náà gbé ẹrù dé etí títì, tó sì bá a dá ọ̀kadà dúró. Ohun tó ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà ni pé, nínú gbogbo ẹni tí oògùn yẹn ti gba ọwọ́ wọn kọjá, láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti pò ó, dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kó o wọ ọkọ̀ ojú omi, dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fọwọ́ sí i ní èbúté, dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fi ọkọ̀ àjàgbé kó o wá sí Àkúrẹ́, ọmọ yẹn nìkan ló rí ojú ìyá yẹn.

Ọ̀rọ̀ mi kò ju ìyẹn lọ. Ìyókù, àlàyé ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, iṣẹ́ mi lóko ni pé kí n máa pọn omi tí wọ́n fi ń po oògùn kòkó. Gamalín ni bàbá mi ń fọ́n láti fi pa kòkòrò tó ń fa omi ara èso mu. Bí òjò bá wá rọ̀ jù, tí èso kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lórí igi, wọ́n á po òmíràn, aláwọ̀ búlúù, èyí tí bàbà wà nínú rẹ̀. Bàbá mi á gbé páǹpù kọ́ ẹ̀yìn. Kò sí ìbọ̀wọ́, kò sí ìbòmú, aṣọ oko kan náà tó wọ̀ lánàá ni. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń fọ́n oògùn kòkó: òkè ni ẹnu páǹpù máa ń kọjú sí, torí òkè ni èso wà, ohun tó bá jáde lẹ́nu rẹ̀ a sì tún já padà sórí ẹni tó ń fọ́n ọn. Bí ó bá ti oko dé, orí á máa fọ́ ọ. Á ní oòrùn ni. Gbogbo wa gbà pé oòrùn ni.

Àwọn ọ̀dọ́ abúlé wa tún máa ń da Gamalín sódò. Ẹja á léfòó, wọ́n á dojú ikùn kọ ọ̀run, àwa ọmọdé á máa ṣa wọ́n bí ẹni ń ṣa owó tí ẹnìkan ná lóde ìyàwó. Mo jẹ nínú ẹja yẹn. Mo gbádùn rẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo tó mọ̀ pé orúkọ ohun tó wà nínú Gamalín ni lindane, pé kì í tètè jẹrà nínú ilẹ̀, pé inú ọ̀rá ara ló máa ń sá pamọ́ sí. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Stockholm fi orúkọ rẹ̀ kún àwọn májèlé tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Ní 2015, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Bàbá mi ti lọ nígbà yẹn. N kò sọ pé Gamalín ló pa á o. Kò sẹ́ni tó lè sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè búra pé kò mọwọ́ rẹ̀. Bí ejò bá bu ni jẹ, a ó rí ojú eyín rẹ̀. Bí igi bá wó lu ni, igi náà á wà nílẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ohun tí bàbá mi fà símú nígbà tí mo wà ní pámárì, tó jókòó jẹ́ẹ́ sínú ara rẹ̀ títí mo fi di olùkọ́, ta ni kí n mú fún un? Ẹni tó tà á fún un ti kú. Ilé iṣẹ́ tó pò ó kò mọ̀ ọ́n. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ fọ́n ọn.

Mo ti ń rò ó pé èdè wa náà ń bá wọn tàn wá díẹ̀. Kí là ń pè é? Oògùn. Èyí tí bàbáláwo gún lódó, oògùn. Èyí tí nọ́ọ̀sì fi abẹ́rẹ́ gún ọmọ, oògùn. Èyí tó ń pa koríko, oògùn ni. Èyí tí àwọn kan ń wọ́n sórí ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa lu ú, "oògùn ẹ̀wà" ni wọ́n ń pè é, àfi bí ẹni pé ẹ̀wà ń ṣòjòjò. Bẹ́ẹ̀, Yorùbá ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Májèlé ni. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá kọ "A ń ta ojúlówó májèlé níbí" sára pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ebi á pa á. N kò ní kí ẹ yí pátákó padà. Àmọ́ ẹ wo iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ń ṣe lọ́kàn ẹni tó wá rajà: tí ó bá ti jẹ́ oògùn, á gbà pé bí ìdérí méjì bá wo koríko sàn, ìdérí márùn-ún á tètè wò ó sàn jù.

Ẹ jẹ́ ká mú òtápíápíá. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, dichlorvos ló wà níbẹ̀, tí ẹ̀yin fúnra yín ń pè ní DDVP. Bí ó ṣe ń pa aáyán rèé. Bí iṣan bá fẹ́ kí ẹran ara sún kì, èròjà kan ló ń gbé iṣẹ́ náà lọ jẹ́. Tí ó bá ti jẹ́ ẹ tán, èròjà kejì á wá gbá ti àkọ́kọ́ kúrò lọ́nà, kí ara lè sinmi. Dichlorvos máa ń de èròjà kejì yẹn lọ́wọ́ ni. Iṣẹ́ tí wọ́n rán kò wá ní dáwọ́ dúró mọ́: ara á máa gbọ̀n, itọ́ á máa da, dúdú àárín ẹyin ojú á sún kì bí orí abẹ́rẹ́, èémí á há. Èròjà kejì yìí wà lára aáyán, ó wà lára ewúrẹ́, ó wà lára ọmọ yín tó ń sùn lẹ́yìn káńtà. Ìwọ̀n nìkan ló fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn. Ìdí nìyí tí NAFDAC fi gbógun ti ìgò kékeré rẹ̀ ní 2019, tí wọ́n ní kó kúrò nínú ọjà gbangba. Ẹ̀yin mọ̀ jù mí lọ bóyá ó kúrò.

Ní oṣù kẹfà 2015, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà wá, nítorí dichlorvos tí wọ́n rí lára rẹ̀ ti kọjá ìwọ̀n tí wọ́n lè gbà. Ìròyìn náà jáde nínú rédíò, gbogbo ènìyàn sì ń káàánú àwọn tó ń ta ẹ̀wà sókè òkun, owó wọn tó ṣòfò. N kò gbọ́ ẹnìkan kó béèrè pé: àwa ńkọ́? Ẹ̀wà kan náà ni à ń sè níbí. Òun la fi ń ṣe mọ́ínmọ́ín ìsìnkú, òun la fi ń ṣe àkàrà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi ń jẹ lówùúrọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì.

Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan wà, Ulrich Beck, tó kú ní 2015. Ọdún 1986, ọdún tí ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì bú gbàmù ní Chernobyl, ni àlàyé tó mú orúkọ rẹ̀ kárí ayé jáde. Ohun tó rí ni pé bí ayé ṣe ń lajú, tí ọrọ̀ ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ewu tó ń ti ara ọrọ̀ náà jáde ń pọ̀, tó fi jẹ́ pé ìjà tí a ń jà lórí ta ni yóò jẹ oyin ti ń di ìjà lórí ta ni yóò gba oró. Ó ní irú ewu yìí kì í mọ ààlà. Ó tilẹ̀ mẹ́nu kan oògùn oko: àwọn tó pò ó, tí wọ́n tà á fún ilẹ̀ òkèèrè, á tún bá a pàdé nínú èso, nínú kòkó, nínú tíì tí wọ́n rà padà. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Ìyá mi ti máa ń sọ ọ́ kí n tó mọ Jámánì lórí máàpù: ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Àmọ́ n kò lè bá bàbá náà dé ìparí ọ̀nà. Eérú tó fẹ́ padà sọ́dọ̀ wọn, wọ́n ti gbé asẹ́ dè é lẹ́nu ọ̀nà. Láti oṣù kẹsàn-án 2008 ni òfin kan ṣoṣo ti ń sọ fún gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ Yúróòpù bí ìyókù májèlé ṣe gbọ́dọ̀ kéré tó lára oúnjẹ tó ń wọlé, kòkó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá àwọn tó ń ra kòkó dòwò pọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù òfin yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn oògùn kan pòórá lórí pẹpẹ yín. Kòkó tó jẹ́ pé díẹ̀ kíún nínú rẹ̀ ni à ń jẹ níbí, ìyẹn ni wọ́n ń gbé wọ yàrá àyẹ̀wò. Tẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Ọ̀dú ńkọ́, èyí tí ọmọ Oǹdó ò lè jẹ iyán kó má fojú wá a? Ní ọjà Erẹ̀kẹ́sàn, ojú àti imú ẹni tó fẹ́ sè é ni yàrá àyẹ̀wò. Ojú kò sì lè rí i, imú kì í sábà gbọ́ ọ.

Mo fẹ́ padà sórí ìgò ìyá àgbà yẹn, nítorí ìtàn ń bẹ nídìí rẹ̀ tí mo rò pé púpọ̀ nínú yín kò tíì gbọ́.

Bí ó bá jẹ́ ohun tí mo rò ló wà nínú jẹ́ríkánì yẹn, paraquat ni, èyí tí àwọn àgbẹ̀ àgbà mọ̀ sí Gramoxone. Ọdún 1962 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sọ́jà. Ó dára fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ẹ fọ́n ọn láàárọ̀, koríko á ti rọ kó tó di ọjọ́ kejì. Àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ nígbà yẹn dà bí ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò dúdú, àwọn ènìyàn sì ń rọ ọ́ sínú ìgò ọtí náà, wọ́n ń gbé e sílé, ọmọdé ń mu ún, ọ̀mùtí ń mu ún, bàbá tó ti oko dé pẹ̀lú òùngbẹ ń mu ún. Ẹnu kan ti tó láti pa ènìyàn. Ikú rẹ̀ kì í sì í yára: ẹni náà lè bì, kó wá dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ń yá, kó máa bá ará ilé sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa dúpẹ́ pé ó ti bọ́, kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í le bí awọ gbígbẹ. Kò sí ẹ̀rọ̀ fún un. Títí di òní, kò sí. Nígbà tó yá, àwọn tó ń pò ó fi aró búlúù sí i kó má jọ ohun mímu mọ́, wọ́n fi òórùn burúkú sí i, wọ́n tún fi èròjà tó ń mú ni bì sí i.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ̀ pé inú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni ewu wà. Aró tí wọ́n fi sí i, nítorí irú ohun tí mo rí lórí tábìlì yẹn ni. Àmọ́ aró kì í sọ̀rọ̀, àwọn mìíràn tó sì ń po irú rẹ̀ lónìí lè má fi ohunkóhun sí i.

Switzerland ti lé paraquat kúrò nílẹ̀ wọn láti 1989. Ilé ẹjọ́ àjọ Yúróòpù fagi lé àṣẹ rẹ̀ ní 2007. Síbẹ̀, lẹ́yìn ìgbà yẹn, ilé iṣẹ́ kan ní Huddersfield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣì ń pò ó fún títà sí ilẹ̀ òkèèrè. Ohun tí wọn ò jẹ́ kí àgbẹ̀ tiwọn fọ́n, wọ́n ní kí tiwa máa fọ́n. Nàìjíríà náà wá fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024, wọ́n sì ní ọdún kan lẹ́yìn náà ni ti atrazine, oògùn koríko mìíràn. Tí inú bá ń bí yín sí àwọn aláwọ̀ funfun yìí, inú ń bí èmi náà. Àmọ́ ìbínú wa kò dé Huddersfield. Ìyá àgbà yẹn kò dé Huddersfield. Ọ̀dọ̀ yín ló dé.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Òde-Ìrèlè, ní oṣù kẹrin 2015. Àwọn ènìyàn ṣàdédé ń sọ pé orí ń fọ́ àwọn, ojú àwọn ń ṣú, lẹ́yìn náà wọ́n á dákú, wọ́n á kú, láàárín ọjọ́ kan péré. Àwọn tó kú lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn kan nílùú ní òrìṣà ló ń bínú, pé àwọn kan wọ ojúbọ tí kò yẹ kí wọ́n wọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ fura sí oògùn koríko. Ìgbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jáde ni wọ́n mọ̀ pé methanol ni, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, nínú ògógóró tí wọ́n mu. Ẹni tó ta ọtí náà lè jẹ́ ẹni tó ń mu nínú rẹ̀. Ẹni tó mu ún kò rí ohunkóhun, kò gbọ́ òórùn ohunkóhun, ògógóró ni ó rí. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ ọtí nínú kẹ́mísírì, kíláàsì á sì pa lọ́lọ́, nítorí àwọn kan nínú wọn ní ẹbí lọ́nà Ìrèlè. Mo ń sọ ọ́ fún yín nítorí nǹkan kan: ìfura àkọ́kọ́ àwọn onímọ̀, sí irú ọjà tí ẹ ń tà ni. Wọn kò jẹ̀bi pé wọ́n rò ó. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń gbé e kiri ní ìpínlẹ̀ yìí, òun náà á rò ó.

Ẹ ó ní kí n gbọ́ tiyín. Mo ti gbọ́ ọ, mo tilẹ̀ lè bá yín rò ó.

Owó lébìrà ti ga. Àwọn ọmọ tó yẹ kó gbé àdá ti wà lórí ọ̀kadà tàbí nídìí fóònù. Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún kò lè tẹ̀ ba sáko mọ́. Tí kò bá fọ́n oògùn, koríko á bo ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ebi á sì pa á ní tòótọ́, kì í ṣe ebi inú ìwé. Odindi gálọ́ọ̀nù ju agbára rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń já a sí wẹ́wẹ́ fún un. Àánú ni ẹ fi ń ṣe é. Mo gbà. Èmi náà ra oògùn koríko léṣìí fún iwájú ilé, torí ó sú mi láti máa ro ó. Ìyókù rẹ̀, mo gbé e sábẹ́ síńkì ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òróró. Ọmọ mi obìnrin ló mú un jáde lọ́jọ́ kan tó bi mí pé, "Dádì, ṣé òróró èyí ti bàjẹ́ ni?" Olùkọ́ kẹ́mísírì o! Nítorí náà ẹ má rò pé mo gun orí òkè Ìdànrè kí n tó máa bá yín sọ̀rọ̀.

Èyí tí n kò lè gbà ni èyí tí mo gbọ́ jù: "Bí n kò bá tà á, aládùúgbò mi á tà á." Òótọ́ ni, á tà á. Ìdí nìyẹn tí n kò fi kọ̀wé yìí sí ẹyọ ẹnìkan. Ẹ ní ẹgbẹ́. Ẹ ń ṣèpàdé, ẹ ń dáwó, ẹ ní alága. Mo mọ̀ pé tí ẹnìkan bá dínwó ọjà kọjá iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí, ẹ ó pè é, ẹ ó dá a lẹ́jọ́, á san owó ìtanràn. Ẹgbẹ́ tó lágbára tó báyẹn lórí owó, á lágbára lórí ìgò tí wọ́n ń rọ nǹkan sí.

Ẹ ó tún ní, ó wà lára lébẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n kà á. Mo ra kátọ́ọ̀nù kan lọ́dọ̀ yín, mo fi awò ojú mi kà á, kò rọrùn. Gẹ̀ẹ́sì ni, lẹ́tà rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ èèrà. Ìyá tó wá pẹ̀lú ìgò tirẹ̀ kò tilẹ̀ rí lébẹ́ẹ̀lì náà, inú jẹ́ríkánì lẹ ti rọ ọ́ fún un. Ìjọba yẹ kó ní àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò máa lọ láti oko dé oko, àwọn tó wà kò sì tó nǹkan. Kí ló wá kù fún ìyá yìí láti kà? Ẹnu yín. Ohun tí ẹ bá sọ fún un ni ìwé, ohun tí ẹ bá gbójú fò ni kò mọ̀. Ìdérí mẹ́rin sí páǹpù kan: gbogbo ìmọ̀ ayé nípa paraquat, láti 1962 títí dòní, ohun tó dé etí rẹ̀ nínú rẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ìgò ọtí àti ìgò omi mímu, ẹ má rọ nǹkan sí i mọ́, láéláé, bí oníbàárà tilẹ̀ bínú lọ. Èyí tí wọ́n ti fòfin dè, ẹ má fi í pa mọ́ sábẹ́ tábìlì; ohun tó bá ń gbé abẹ́ tábìlì, ẹ̀yin fúnra yín ti mọ̀ pé kò dáa. Ẹni tó bá ní ẹ̀fọ́ lòun fẹ́ fọ́n, ẹ sọ iye ọjọ́ fún un, iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kó tó já a lọ sọ́jà, kí ẹ sì mú kó tún un sọ létí yín kó tó sanwó. Ike oògùn tó ti ṣófo, ẹ ní kó dá a padà, kí wọ́n má fi pọn omi.

Ní ti ẹ̀wà, ẹ má ta òtápíápíá tàbí ohunkóhun mìíràn fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ wọ́n ọn sórí ẹ̀wà. Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ ti rí èrè, nítorí n kò kọ̀wé láti sọ yín di òtòṣì. Àpò kan wà tí wọ́n ń pè ní PICS, àwọn ará Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ló ṣe é. Ọ̀rá nípọn méjì ló wà nínú àpò kan. Ẹ da ẹ̀wà gbígbẹ kún un, ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, ẹ so ẹnu ọ̀rá kọ̀ọ̀kan pinpin. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ á mí títí afẹ́fẹ́ fi tán, á kú. Kò sí kẹ́míkà kankan níbẹ̀. Àpò kan ṣeé lò lọ́dún yìí, kó tún ṣeé lò lọ́dún tó ń bọ̀. Jẹ́ríkánì gbígbẹ tó mọ́ tó sì dé pinpin, tí ẹ̀wà kún un dé ẹnu, á ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Ìsìkàn á ra àpò yẹn lọ́wọ́ yín tí ẹ bá fi hàn án lẹ́ẹ̀kan.

Mo ti rí àwọn tó ń ṣe é dáadáa. Ní Oǹdó, lẹ́bàá Yaba, ìyá kan wà tí kì í ta oògùn koríko fún ọmọdé bó ti wù kí ọmọ náà sọ pé bàbá òun ló rán òun tó. Á ní kí bàbá fúnra rẹ̀ wá. Àwọn ènìyàn ń pè é ní alágídí, wọ́n sì ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwọn ọmọ SS2 mi ti kọ lébẹ́ẹ̀lì lédè Yorùbá. Ọ̀kan nínú wọn ya agbárí ènìyàn tó rẹ́rìn-ín jù fún ohun tó fẹ́ sọ, mo ní kó tún un yà. Iye ìdérí wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán, iye ọjọ́ wà níbẹ̀, àwòrán ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a fa igi dá lórí wà níbẹ̀. A ti ṣe ẹ̀dà igba. Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, láago mẹ́wàá àárọ̀, a ó máa lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ní Àkúrẹ́; ti Oǹdó á tẹ̀lé e. Ẹni tó bá fẹ́ kí a lẹ̀ ẹ́ sára ọjà òun, kó gbé bẹ́ǹṣì kan síta. Gọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ wa.

Ohun kan ṣẹ́ kù. Bí ìyá àgbà kan bá wá sí ṣọ́ọ̀bù yín, tó ró àdìrẹ, tó tún mú ìgò tó mọ́ tónítóní wá, tó ní ìdajì lòun ń fẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó dá a lóhùn, ẹ bá mi bi í pé níbo nínú ilé ló gbé ti àkọ́kọ́ sí.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ kẹ́mísírì kan, ọmọ àgbẹ̀ kòkó,
Àkúrẹ́.